Ọ̀dà Pupa Inú Ilé Ìtọ̀

"Ta ló tún da ọ̀dà pupa sínú ilé ìtọ̀ mi?"

Ọ̀gá wa ló ń béèrè. Àwa akunlé mẹ́ta tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń wo ara wa lójú.

"Ẹ má dáhùn. Tí ọwọ́ mi bá tẹ ẹni náà, irun orí rẹ̀ ni màá fi kun ògiri."

A ń pa ẹ̀rín mọ́nú.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó wá kí i, yọjú wo inú àwo ìtọ̀ náà.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀jẹ̀ lèyí. Inú ìtọ̀ ló ti wá. Ó lè jẹ́ àìsàn kékeré, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ kíndìnrín. Ìyẹn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n á gé kíndìnrín náà kúrò. Kíndìnrín kan tó kù á máa bá iṣẹ́ lọ."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa.

Ọ̀gá rọ ohùn. "Mi ò bínú mọ́. Kí ẹni náà jáde, èmi fúnra mi á gbé e lọ sí ọsibítù."

Kò sẹ́ni tó jáde.

"Ta ló wọbẹ̀ lónìí?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Wọ ibo? Àtàná ni mo ti tì í pa mọ́ wọn. Èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́. Òun nìyí lọ́rùn mi."