Pẹpẹ Tó Fúyẹ́ Jù Lọ

Òfin ti dé: mọ́tò tó ń wa ara rẹ̀ kì í gbéra mọ́ bí ẹrù bá ti ju ìwọ̀n lọ. Làmídì púlọ́ńbà bá yọ pẹpẹ irin inú mọ́tò iṣẹ́ rẹ̀, ó ra oníke lọ́wọ́ Ìyá Mopé.

"Èyí fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ," ìyá náà wí.

Làmídì to páìpù àti sípánà sórí rẹ̀, ó wọlé jókòó.

"Ẹ má bínú, sà," mọ́tò wí. "Ẹrù ṣì pọ̀. Ṣé iyán lẹ jẹ láàárọ̀ ni?"

Làmídì sọ̀ kalẹ̀ kó lè yọ sípánà kan.

"Ó ti tó báyìí," mọ́tò wí, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì gba ọ̀nà ilé oníbàárà lọ.

Kò pẹ́ tí oníbàárà fi pè é.

"Mọ́tò yín ti dé. Pẹpẹ inú rẹ̀ wù mí. Omi ti mù mí dé orúnkún, ẹ̀yin dà?"