Ìdánwò Ìwakọ̀ Sa'diyya

Kí Sa'diyya tó jókòó sídìí ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti pín iṣẹ́ tí yóò máa fi ọkọ̀ ṣe fún wọn. Àlàájà Rabi'a, ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbé ní Rusaifah ní Mẹ́kà, fẹ́ kí ó máa wá gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn, sí ibi ìsọmọlórúkọ, àti sí ilé ẹnikẹ́ni tí tọkọtaya bá ti ń jà. Muhsinah, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn ní Jẹ́dà, fẹ́ kí ó máa kó àwọn ọmọ òun wálé láti iléèwé. Hussain ọkọ rẹ̀, ẹnjiníà, tó ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀, fẹ́ sùn.

"Ẹ fẹ́ sùn?" ni Sa'diyya bi í.

"Kí n kàn sùn, Màmá Reem. Tí àwọn ará wa láti Ìwó bá ti sọ̀ ní Hajj Terminal ní pápákọ̀ òfúrufú, ìwọ ni kí wọ́n máa pè."

"Ó dáa, sà," ni Sa'diyya wí, ó sì ń bu ọbẹ̀ lọ.

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbé e lọ, òun náà ló ń gbé e bọ̀, tó bá sì ti délé, ìdáná ló kàn. Iléèwé ìwakọ̀ àwọn obìnrin ní kí ó máa wá ní ọ̀sán Sátidé. Ẹnikẹ́ni ò yarí. Hussain gbà láti máa tọ́jú Reem, ọmọ wọn. Ọkùnrin kì í wọ iléèwé náà, Hussain ò sì fẹ́ gbé ọmọ dúró síta, nítorí náà táksì ni Sa'diyya ń wọ̀ lọ.

Hussain tún ń kọ́ ọ ní pálọ̀. Ó gbé ọmọrí ìkòkò lé e lọ́wọ́ kí ó fi ṣe ọwọ́ ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe ọlọ́pàá.

"Wo ẹ̀yìn!" ló pariwo.

Sa'diyya wo ẹ̀yìn. Reem ló wà níbẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, Àlàájà Rabi'a gbààwẹ̀. Muhsinah ti lọ sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé pé àwọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Sa'diyya wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó.

"Wọ́n ní mo gbá kóònù ojú ọ̀nà," ló wí.

"Kò burú," ni Hussain wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni èmi ṣe tèmi, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀."

Fún ìdánwò kejì, Àlàájà Rabi'a fi omi sámúsámù ránṣẹ́ láti Mẹ́kà. Sa'diyya mu ún tán. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ológbò kan ló ń sọdá, òun sì dúró dè é títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń tẹ fèrè.

"Ológbò!" ni Muhsinah wí. Ó lọ bẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì.

Ní Jímọ̀ kan, gbogbo wọn ń lọ sí Mẹ́kà. Bí wọ́n ṣe fẹ́ jáde nílùú, Sa'diyya sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún, Dádì Reem. Wọ́n ti dí ti iwájú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Olùkọ́ wa ni."

Hussain rẹ́rìn-ín, ó kọrí síwájú. Wọ́n dúró sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó àgùntàn títí wọ́n fi pe ìrun Ásárì. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé fún Reem pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní iléèwé, ọ̀tọ̀ ni títì. Reem fi èdè Lárúbáwá dá a lóhùn pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun.

Ìdánwò kẹta bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Ìwó ń bọ̀ wá ṣe Úmúrà. Sa'diyya dé, ó ní obìnrin tó ń dán àwọn wò sọ pé ẹsẹ̀ òun ti wúwo jù.

Ni wọ́n bá pe ìpàdé. Àlàájà Rabi'a ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Hussain, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹ̀bùn ni ọkọ̀ wíwà. Ọlọ́run ti fún un ní ìwé, ó ti fún un ní ọmọ. Ṣé gbogbo rẹ̀ ló máa fún ẹnì kan ṣoṣo ni?"

Ó ní òun ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ ní Rusaifah. Muhsinah ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ti yanjú. Hussain wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ni yóò lọ kó àwọn ará Ìwó.

"Mi ò ní jáwọ́," ni Sa'diyya wí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa lọ ní gbogbo Sátidé. Bó pẹ́, bó yá."

Àlàájà Rabi'a fi gèlè nu ojú.

"Ọmọ onísùúrù," ló wí. "Irú ẹ ò wọ́pọ̀."

"Máa lọ," ni Hussain wí. "Bó gba ogún ọdún, mo wà lẹ́yìn ẹ."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó ṣílẹ̀kùn táksì fún ìyàwó rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un láti ojú fèrèsé, ó sì sáré lọ sí pápákọ̀ òfúrufú.

Táksì náà já Sa'diyya sílẹ̀ lẹ́yìn ilé búrẹ́dì kan ní àdúgbò Sharafiyah ní Jẹ́dà, níbi tó ń gbé ọkọ̀ funfun kékeré rẹ̀ sí láti ọ̀sẹ̀ tó ti yege ìdánwò kan ṣoṣo tó ṣe rí.