Aṣọ Funfun Létí Bréagach

Odò Bréagach kò tó nǹkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá. Láti ilé ọlọ ló ti ń bọ̀, ó gba ẹ̀yìn àwókù ilé àwọn mọ́ńkì, ó fara ro odi àtijọ́ tó yí ìlú ká, ó sì gba ìdí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kó tó lọ sọnù sínú odò tó jù ú lọ. Àmọ́ tí òjò oṣù kọkànlá bá ti dé, ó máa ń kún láìsọ fún ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ ọ́ ní Bréagach, ìyẹn Òpùrọ́ ní èdè wọn.

Oṣù yẹn náà ni ẹja sámọ́nì máa ń wọ inú rẹ̀ wá yé ẹyin. Ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á, àdúgbò ẹ̀yìn odi kò sì ka ọ̀rọ̀ ìjọba kún. Àwọn ọkùnrin a máa lọ sódò nírọ̀lẹ́, àwọn obìnrin a sì máa fi aṣọ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ọgbà igi ẹlẹ́gùn-ún tó bá odò náà rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí aṣọ pupa bá wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ odò ń bẹ nítòsí. Bó bá jẹ́ funfun, ọ̀nà mọ́ ní ọ̀gangan ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bàbá Colman Tierney lọ tí kò bọ̀. Wọ́n wá a títí dé òkun, bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n rí. Láti ìgbà tí Colman náà ti gbé ìkọ́ irin tí bàbá rẹ̀ fi ń pa ẹja, Hanora ìyá rẹ̀ ló ń tẹ́ aṣọ fún un.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni Prendergast, ẹ̀ṣọ́ odò, ká Colman mọ́ ìdí ẹja, aṣọ sì funfun báláú lórí ọgbà. Adájọ́ ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

"Ẹnì kan ń tú àṣírí mi, Màámi."

"Fi ẹja yẹn sílẹ̀, ọmọ mi."

"Kí wọ́n lè ní mo ń sá fún Prendergast? Ó tì o."

Hanora ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, kò gbójú sókè. "Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń wí yẹn, ó ṣáà máa ń dá èèyàn padà."

"Ẹ kúkú bá mi di ẹrù!" Colman bú sẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Bid Delahunty, aládùúgbò wọn, fà á sí kọ̀rọ̀. Ó ní òun rí Fintan ọ̀rẹ́ Colman àti Prendergast lórí afárá, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

"Fintan kẹ̀?"

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àtikékeré ni Colman àti Fintan ti jọ ń bọ̀. Àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ọ̀dùnkún nílé Hanora. Colman pè é wá mu tíì, ó sì sọ̀rọ̀ ketekete: "Ẹ̀yìn ilé àwọn mọ́ńkì ni mò ń lọ lọ́la. Ìwọ gbé àpò wá bá mi tílẹ̀ bá ti ṣú."

"Màá dé," Fintan dáhùn. Hanora bu tíì kún ife rẹ̀.

Colman kò lọ. Orí odi ló gùn, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Ó rí aṣọ funfun ìyá rẹ̀ lórí ọgbà ní ọ̀gangan ilé àwọn mọ́ńkì. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn ògiri tó ti wó, Prendergast lóṣòó, ó ń dúró dè é. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é, pé wọ́n ń tan arúgbó náà jẹ pẹ̀lú.

Lójú gbogbo àdúgbò ló ti ko Fintan lójú.

"Ajá mi ni Prendergast fẹ́ rà, Colman! Ọ̀rọ̀ ajá là ń sọ!"

"Ọ̀dàlẹ̀!"

"Èmi? Èmi tí mo..."

Hanora di apá ọmọ rẹ̀ mú. "Má fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó máa lọ." Ó sunkún ju ìyá Fintan lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn ń tì bí Fintan bá ń bọ̀. Kí Kérésì tó dé, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lífápùù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò dágbére fún ẹnì kan. Ó dun Colman wọra. Ìgbà mìíràn á gbàgbé, á po tíì fún ẹni méjì, á sì bínú da ọ̀kan nù.

Oṣù kọkànlá mìíràn dé. Colman wọ kóòtù rẹ̀.

"Ìdí ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, Màámi. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún. Ta ló tún kù fún mi?"

"Mo gbọ́, ọmọ mi." Hanora de bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Omi ti bo àwọn òkúta tí wọ́n fi ń sọdá, ni Colman bá yí gba afárá ilé ọlọ. Ọ̀nà yẹn gba ẹ̀yìn ilé Prendergast, lórí òkè tó kọjú sí odò. Ó rí i tó dúró lẹ́nu géètì rẹ̀, tó ń wo ọ̀kánkán, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Colman yára ba mọ́ ẹ̀yìn ògiri.

Lódìkejì omi, Hanora jáde sínú òjò, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí ọgbà ní ọ̀gangan ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ojú sókè síhà òkè, Prendergast sì ṣí fìlà fún un, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó kọrí sí ìdí ṣọ́ọ̀ṣì.