Búrẹ́dì Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Jẹ

Aránṣọ ni wọ́n fi ìyà jẹ, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó jí bá odidi búrẹ́dì kan lórí tábìlì ilé rẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Búrẹ́dì náà tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa dáadáa, ó ń rú èéfín. Ebi ń pa á. Ó mú ọ̀bẹ. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

Oníbàárà kan ni, ó wá gba ẹ̀wù tí kò tíì ní bọ́tìnnì. Kí aránṣọ tó gán bọ́tìnnì tán, ilẹ̀ ti ṣú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi tí kò lè jẹun mọ́. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe tún mú ọ̀bẹ báyìí ni ìyá ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú àpò méjì. Ìyá náà jókòó, ó sunkún títí di àṣálẹ́, kò sì sọ ohun tó pa á lẹ́kún. Lọ́jọ́ kẹta, ẹyẹ kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé orí búrẹ́dì, ó kọrin díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹyẹ pàápàá kò ṣá a jẹ.

"Ṣé ẹ̀yin náà ò rí i ni?" Ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè. "Gbogbo ìgbà tọ́wọ́ mi bá ti fẹ́ kan búrẹ́dì yẹn, nǹkan á ṣẹlẹ̀."

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo òde. Ó fẹ́ràn kó máa wo òde. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ó yẹ ilé."

"Òdòdó ló ń yẹ ilé. Ẹnu ni búrẹ́dì yẹ."

"Aya mi, tí mo bá ti wò ó báyìí, ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Ó ń bá èmi náà sọ̀rọ̀. Ó ní kí n jẹ òun."

Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó mí kanlẹ̀, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ó tiro jáde lọ síbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tiro. Aránṣọ lè búra pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni lánàá, àmọ́ ta lebi ń pa tójú rẹ̀ á máa ríran kedere?

Lọ́jọ́ kẹrin, onídìrí tó ń gbé yàrá kejì yọjú. Ó ti ń sọ̀rọ̀ kó tó wọlé tán.

"O mà ti rù o. Ṣé ọkọ rẹ ló ń bá ẹ jẹ oúnjẹ ẹ ni, àbí ẹ̀rọ ìránṣọ?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀, jókòó. Wá ká jọ jẹ búrẹ́dì yìí. Tá a bá jẹ́ méjì, bóyá wọn ò ní rí wa dá dúró."

Onídìrí wo búrẹ́dì náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ó ń rán mi létí gbogbo ohun tá a ti pàdánù," ó ní, pẹ̀lú ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Kí lo pàdánù?"

"Mi ò mọ̀." Ohùn rẹ̀ ti padà. "Ó kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni. Jọ̀ọ́, ọmọ mélòó ni mo bí?"

"Méjì ni. Kí lo wá ń bi mí sí?"

"Mẹ́ta ló jí lórí bẹ́ẹ̀dì mi láàárọ̀ yìí. Ẹ̀kẹta yẹn sì jọ mí o."

"O fún un lóúnjẹ?"

"Kò bèèrè. Ojú fèrèsé ló lọ dúró sí." Ó dìde. "Lọ bá onílé. Ẹni tó ni ilé ló ni wàhálà inú rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rí onílé rí. Òkè àjà ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ: kó, kó, kó, bí ẹni tó ń fi ìka lu pákó. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí onídìrí lọ tán, aránṣọ gbìyànjú láti rántí oúnjẹ tó jẹ kẹ́yìn. Kò rántí ìkankan. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló rántí nígbà èwe rẹ̀: bàbá rẹ̀ gba ẹnu géètì pupa kan jáde, kò wẹ̀yìn. Ohun tó ṣáájú ọjọ́ yẹn àti ohun tó tẹ̀ lé e, òfìfo ni. Ó gbà pé ebi ló fà á. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn búrẹ́dì. Láti ọjọ́ Ajé, kò tíì tutù.

Ó gbé àpótí sáàárín yàrá, ó gun orí rẹ̀, ó sì fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó, kó, kó òkè dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Aránṣọ ìsàlẹ̀ ni. Mi ò bá ti ìjà wá. Ẹsẹ̀ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fún ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi lè máa sunkún, mo ti mọ́ ọn lára. Òjò yẹn náà, ẹ jẹ́ kó máa rọ̀. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Búrẹ́dì ló wà níwájú mi yìí, ebi sì ń pa mí. Ẹ jẹ́ kí n jẹun."

Lókè, òǹkọ̀wé ìtàn yìí gbé ìka dúró, ó ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rántí pé olóòtú ti ní búrẹ́dì yẹn dúró fún ìyà gbogbo mẹ̀kúnnù, pé adùn ìwé náà á lọ bí ẹnikẹ́ni bá bù ú jẹ, ó gbọn èérún oúnjẹ ọ̀sán tirẹ̀ kúrò láàárín bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà náà, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó sì kọ ọ́ pé aránṣọ wo búrẹ́dì títí, kò bèèrè ohunkóhun.