Dẹ́rẹ́bà Ara Ògiri

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1957, aránṣọ kan ń fi ọ̀bẹ ha ìwé ìpolówó mọ́tò kúrò lára ògiri gáréèjì Ìkẹ́rẹ́. Mọ́tò inú àwòrán náà ń fò ní kọ́nà, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, kí ni mọ́tò ṣe fún yín?" Àwọn dẹ́rẹ́bà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà mà nìyẹn!"

"Ọmọ mi ni. Wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà Ìgbàrà-Odò, ibẹ̀ ló kú sí."

Ẹ̀rín tán. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ ká rọra ṣí i, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ulé."

"Àbúrò rẹ̀ wà ní ulé. Òun náà ń kọ́ mọ́tò wíwà."

Ó ha ojú inú àwòrán náà títí kò fi ku nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ tó kú náà kò ya fọ́tò mìíràn rí.