Ẹ̀ka Tí Erin Fi Ń Wọn Alágbàṣe

Àlọ́ mi rọra rìn títí, ó dúró lẹ́nu oko Erin. Erin ń wá ẹni tí yóò bá òun kọ ebè, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá wúwo yóò jẹ iṣu òun jù. Nítorí náà, alágbàṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí ẹ̀ka igi kan. Bí ẹ̀ka bá tẹ̀ kanlẹ̀, kò níṣẹ́.

Ẹ̀ka tẹ̀ kanlẹ̀ lábẹ́ Ìmàdò, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹranko tó mọ ebè kọ tó o. Ọ̀kẹ́rẹ́, alágbàṣe tí ẹ̀ka kò tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín: “Ìyá Ìmàdò, ṣé ilé lẹ gbé pọ̀n wá ni?”

Ìmàdò dárin:

Erin, ẹ má wọn ikùn mi,
Ebè ni kẹ́ ẹ wọ̀n.
Apá ni mo fi ń roko,
Ebè ni kẹ́ ẹ wọ̀n.

Erin kò gbọ́. Ebi sì ń pa àwọn ọmọ Ìmàdò nílé. Ni Ìmàdò bá ń febi pa ara rẹ̀ títí ẹ̀ka kò fi tẹ̀ mọ́. Erin gbé ọkọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò tíì kọ ebè kan tán tí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Máa lọ sílé,” ni Erin wí.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n fúyẹ́.”

“Mo ní kí o fúyẹ́, n kò ní kí o rọ.”

Ìmàdò wo ẹ̀ka, ó wo Erin. “Ẹ̀yin ti jókòó sórí rẹ̀ rí?”

“Èmi? Ṣé iṣẹ́ ni mo ń wá?”

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń jẹ ààbọ̀ oúnjẹ kí ẹ̀ka má baà tẹ̀ lábẹ́ òun náà, tó sì ń gbe orin Ìmàdò lábẹ́ ahọ́n. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀ka Erin wó lé mi.