Igi Kòkó Kan Tó Kù

Bàbá olóko gé àfòmọ́ tó kẹ́yìn lulẹ̀. Èso pupa rẹ̀ fọ́ sí i lọ́wọ́, oje rẹ̀ ń fà bí ilá.

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí mò ń wá láti Ìlódè wá gé e," ó ní. "Bí mo ṣe ń gé e ló ń pọ̀ sí i. Nínú ogójì igi kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò tíì bá tan."

Fúnlọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, ń kó ẹ̀ka jọ.

"Ẹyẹ ló ń gbé e kiri, Bàbá. Tó bá jẹ èso yẹn, kóró á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, á wá nu ẹnu mọ́ igi. Ibẹ̀ ni kóró á ti lu èèpo wọlé, á máa fa omi igi mu."

"Ẹyẹ ti ba ayé mi jẹ́!"

Àwọn igi tí bàbá máa ń sinmi lábẹ́ wọn ti wọ́wé tán. Ló bá rìn dé ìkángun oko, sábẹ́ ẹyọ kan yẹn. Ó na ọwọ́ sókè, ó nù ún mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ dáadáa.

"Bàbá! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń nuwọ́?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rómi lóko?"

Fúnlọ́lá bojú wẹ̀yìn wo igi mọ́kàndínlógójì. Àpá àfòmọ́ wà lára gbogbo wọn. Kò sí àpá kankan tó ga ju ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó lọ.